Dókítà Thorndyke, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń gbé láàbù kiri: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ ṣọ́ra o: a tú àṣírí ìtàn mélòó kan sí ìsàlẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ kí ó tó ka ìwé, kí ó fo ìbéèrè lórí ìtẹ̀ka, irun, ẹsẹ̀ àti X-ray. Ti Brodski kò ní ba nǹkan jẹ́ fún yín, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ta ni Dókítà Thorndyke?

Ẹni inú ìwé ni, kò gbé ayé rí. R. Austin Freeman, dókítà ọmọ London tí wọ́n bí ní 1862 tó sì kú ní 1943, ló dá a sílẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ jáde ní 1907, èyí tó kẹ́yìn jáde ní 1942, nígbà tí Freeman ti pé ọgọ́rin ọdún. Láàárín méjèèjì ni ìwé gígùn bí ogún àti ìtàn kúkúrú bí ogójì wà.

Thorndyke kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó tún kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ó wá so méjèèjì pọ̀. Wọ́n á gbé ẹjọ́ wá bá a, òun á sì kọ́kọ́ lọ wo eruku, irun, ẹ̀jẹ̀, fọ́nrán òwú àti ojú ẹsẹ̀ ilẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Nọ́ńbà 5A, King's Bench Walk, nínú Inner Temple ní London ló ń gbé. Òpópónà yẹn wà níbẹ̀ títí dòní, àdúgbò àwọn lọ́yà sì ni. St Margaret's, ilé ìwòsàn tí ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni ẹ kò ní rí, torí inú ìwé nìkan ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Freeman sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé Alfred Swaine Taylor, dókítà Guy's Hospital tó kọ ìwé ńlá lórí ìṣègùn àti òfin, wà lára ohun tó mú òun ronú kan ẹni bẹ́ẹ̀. Bóyá ìyẹn ló fà á tí Thorndyke fi máa ń sọ̀rọ̀ bí ìwé kíláàsì nígbà mìíràn. Ẹ fara dà á.

Àwọn wo ló ń bá a ṣiṣẹ́?

Jervis, tí òun náà jẹ́ dókítà, ló sábà máa ń sọ ìtàn fún wa. Gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ rí ni ojú tirẹ̀ náà ń rí, ṣùgbọ́n kì í rí ìtumọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Anstey ni lọ́yà tó ń dìde sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Miller ni ọ̀gá ọlọ́pàá láti Scotland Yard, èèyàn gidi, kì í ṣe òmùgọ̀ ọlọ́pàá tí àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó ṣe pàtàkì jù ni Nathaniel Polton. Ọkùnrin kékeré ni, iṣẹ́ aago ló kọ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń kún ojú rẹ̀ fún ìhunjọ. Òun ló ń ṣọ́ láàbù tó wà lókè ilé náà. Kámẹ́rà tí kò sí lọ́jà, ẹ̀rọ tó ń fa eruku jáde lára aṣọ, òǹtẹ̀, kọ́kọ́rọ́: kí Thorndyke ṣáà ti sọ ohun tó fẹ́. Bí ẹ bá yọ Polton kúrò, àlàyé ẹnu lásán ni ìyókù.

Kí ló fi yàtọ̀ sí Sherlock Holmes?

Holmes á wo àlejò lókè nílẹ̀, á sọ ibi tó ti ń bọ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹnu á ya òǹkàwé, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Thorndyke kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Á gbé nǹkan sábẹ́ maikirosikóòpù, á ní kí Jervis wá wò ó, á sì dákẹ́. Ohun tí Jervis rí gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa. Bí ẹ bá ní ìmọ̀ tó, ẹ lè dé ibi tó dé ṣáájú rẹ̀.

Freeman máa ń dán iṣẹ́ inú ìtàn rẹ̀ wò fúnra rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Nínú *John Thorndyke's Cases*, àkójọ ìtàn kúkúrú rẹ̀ tó jáde ní 1909, ó fi fọ́tò ohun tí èèyàn máa rí lábẹ́ maikirosikóòpù sínú ìwé, bí ìgbà tí lọ́yà ń kó ẹ̀rí síwájú adájọ́. Ibi tí gbogbo ọgbọ́n Thorndyke rọ̀ mọ́ nìyẹn: kí èèyàn mọ̀ pé lágbájá ló ṣe é jẹ́ ọ̀kan, kí ó lè fi han àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n fojú ara wọn rí i jẹ́ òmíràn. Òmíràn yẹn ni Thorndyke ń wá.

Kí ló wà nínú àpótí aláwọ̀ ewé tó máa ń gbé?

Àpótí náà tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú àti òró, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, jíjìn rẹ̀ kò sì ju íǹṣì mẹ́rin lọ. Kánfáàsì ewé tí omi kì í wọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Maikirosikóòpù aràrá kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àtùpà kékeré tó ń lo spírítì, àwọn ìgò oògùn àyẹ̀wò tí kò tó ìka, túùbù gíláàsì tín-ín-rín àti ẹ̀mú. Àpò bébà kéékèèké náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lára.

Àwọn àpò bébà yìí ni òǹkàwé máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe kókó jù. Ohun kan, àpò kan. Ibi tí wọ́n ti mú un, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá da irun orí tìmùtìmù àti irun ọwọ́ òkú pọ̀ sínú àpò kan, kò sí maikirosikóòpù tó lè yà wọ́n mọ́. Ní 1910, nígbà tí àpótí yìí ti ń rìn kiri nínú ìwé, ni Edmond Locard ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàbù ọlọ́pàá sílẹ̀ ní Lyon ní Faransé. Àwọn ọlọ́pàá London kò ní tiwọn ní Hendon títí di 1935.

Wọ́n ní Freeman ló kọ́kọ́ kọ ìtàn tí a ti mọ apààyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe lè dùn?

Ìtàn Oscar Brodski ni àpẹẹrẹ tó dára jù, inú àkójọ *The Singing Bone* ti 1912 ló sì wà. Apá kìíní fi gbogbo ìwà ọ̀daràn hàn wá. Silas Hickler, olè tí dáyámọ́ǹdì kò ṣàjèjì sí, wà nílé ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Brodski, oníṣòwò dáyámọ́ǹdì, ń wá ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, ó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Silas gbà á lálejò, ó fún un ní bísíkíìtì àti ohun mímu, ojú wá wọ dáyámọ́ǹdì. Ó fi irin lù ú, ó fi aṣọ tábìlì dí i lẹ́nu, ó gbé òkú náà sórí irin kí ọkọ̀ lè kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n lè rò pé ọkùnrin náà pa ara rẹ̀ ni. Ó sọ gíláàsì ojú rẹ̀ tó fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Nígbà tó padà délé ló rí i pé fìlà Brodski ṣì wà lórí àga. Ó jó o níná.

Apá kejì ni Thorndyke dé. A mọ ẹni tó ṣe é, a mọ bó ṣe ṣe é, síbẹ̀ a kò lè gbé ìwé sílẹ̀, nítorí a ò mọ èyí tí yóò tú u fó nínú gbogbo ohun tí Silas rò pé òun ti palẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní.

Láàárín eyín òkú, Thorndyke fi ẹ̀mú yọ fọ́nrán òwú jáde. Lábẹ́ maikirosikóòpù, oríṣi mẹ́ta ni: irun àgùntàn tí wọ́n pa láró pupa, òwú tí wọ́n pa láró búlúù, àti júùtù aláwọ̀ ìyeyè. Aṣọ ọ̀ṣọ́ ilé tí kò wọ́nwó ló máa ń ní àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, bí i aṣọ tábìlì tàbí kọ́tìnì. Ta ló ń jẹ aṣọ tábìlì lórí irin rélùwéè?

Lẹ́yìn náà ló kan gíláàsì. Ó kó gbogbo ẹ̀ẹ́kù rẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó, ó ń tò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń to àwo fífọ́. Ẹ̀ẹ́kù ti gíláàsì ojú pé, àwọn kan sì ṣẹ́kù tí kò bá wọn mu: wọ́n nípọn jù, àmì ìràwọ̀ kékeré tí wọ́n gé sára ife sì wà lára ọ̀kan. Ìyẹn ni pé inú ilé kan ni gíláàsì ojú náà ti fọ́, níbi tí ife ti fọ́ pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹnì kan sì gbá méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Silas kó ẹ̀ẹ́kù ju bó ti yẹ lọ. Nínú eérú ààrò, wọ́n tún rí ohun dúdú tó le: shellac ni wọ́n fi ń mú kí irú fìlà yẹn gan, iná kì í sì í jó shellac tán bó ṣe ń jó aṣọ.

Irú ìtàn yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí ẹni tó gbọ́ àlọ́ dàgbà. Nígbà tí Ìjàpá bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀ tó sì dé e mọ́rí, gbogbo wa la rí i. Ohun tí à ń dúró dè ni bí fìlà yẹn ṣe máa ṣí. Orúkọ tí Freeman fún àkójọ náà pàápàá, inú àlọ́ àwọn ará Jámánì ló ti mú un: egungun ẹni tí wọ́n pa ni ẹnì kan gbẹ́ fi ṣe fèrè, fèrè wá ń kọrin ẹni tó pa á.

Ṣé òótọ́ ni pé ó sọ nínú ìwé pé ìtẹ̀ka lè parọ́?

Òótọ́ ni, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni, *The Red Thumb Mark* ti 1907. Ẹ ka ọdún yẹn dáadáa. Ní 1901 ni Scotland Yard dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀. Ní 1905 ni wọ́n fi ìtẹ̀ka àtàǹpàkò kan tó wà lára àpótí owó dá àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Stratton lẹ́bi ìpànìyàn, ẹjọ́ tó mú kí gbogbo ìlú máa wárí fún ìtẹ̀ka. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Freeman ní: ẹ rọra.

Nínú ìwé náà, dáyámọ́ǹdì pòórá nínú séèfù, ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí bébà kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ka àtàǹpàkò Reuben Hornby. Kò sí àríyànjiyàn: ìlà tirẹ̀ ni. Thorndyke náà gbà pé ìlà tirẹ̀ ni. Ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ ni pé ṣé ìka rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ìdí tó fi bi í ni pé Reuben ti tẹ̀ka sínú ìwé pélébé kan tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ fi ń ṣeré nílé, tí wọ́n ń pè ní Thumbograph.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe lè ṣe é ní ìgbà náà. Bí a bá da jẹlatíìnì pọ̀ mọ́ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní potassium bichromate, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn lára rẹ̀ á le, omi gbígbóná kò ní lè yọ́ ọ mọ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn á yọ́ dànù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ya fọ́tò ìtẹ̀ka, tí wọ́n sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú fọ́tò náà kọjá sórí jẹlatíìnì yẹn, àwọn ìlà ìka á yọ sókè bí ti òǹtẹ̀ rọ́bà. Nígbà náà, àwọn atẹ̀wé ń lo irú ọgbọ́n yìí lójoojúmọ́ láti tẹ àwòrán. Kò sí idán níbẹ̀.

Ohun tó tú u ni fọ́nrán kékeré kan. Nígbà tí Reuben tẹ̀ka sínú ìwé eré yẹn, fọ́nrán kan dí i lọ́nà, ó sì fi àyè funfun bí lẹ́tà S sílẹ̀ láàárín ìlà. S yẹn gan-an, níbi kan náà, wà lára ìtẹ̀ka ẹlẹ́jẹ̀ inú séèfù. Kò sí bí fọ́nrán kan náà ṣe lè wà níbi kan náà lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní kóòtù, wọ́n gbé ìtẹ̀ka tòótọ́ àti èyí tí òǹtẹ̀ Polton tẹ̀ síwájú onímọ̀, òun sì fi ìdánilójú mú ayédèrú ní òótọ́.

Àwa tí à ń tẹ̀ka lọ́jọ́ ìbò tàbí lórí ìwé ilẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2004, lẹ́yìn bọ́ǹbù ojú irin ní Madrid, FBI so ìtẹ̀ka kan mọ́ lọ́yà kan ní Oregon. Wọ́n tì í mọ́lé, kí àwọn ọlọ́pàá Sípéènì tó fi hàn pé ìka ẹlòmíràn ni. Kì í ṣe ayédèrú nígbà yẹn. Àṣìṣe ojú ni. Àmọ́ ìkìlọ̀ Freeman kan náà ni: ẹ yẹ ẹni tó ń ka ìtẹ̀ka wò pẹ̀lú.

Kí ni irun lè sọ?

Nínú ìtàn kan ní àkójọ 1909, wọ́n bá òkú obìnrin pẹ̀lú irun lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo ayé máa sọ ni pé ó bá ẹni tó pa á jìjàkadì, ó sì fà á nírun tu. Thorndyke wo ìdí irun náà. Irun tí a fà tu nígbà tó ṣì ń hù sábà máa ń gbé díẹ̀ lára àpò rẹ̀ jáde pẹ̀lú ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ á nà, á sì rí wúruwùru. Irun tó ti tó àkókò tó já bọ́ fúnra rẹ̀ ní orí kékeré róbótó bí orí ìṣáná, ó gbẹ, ó mọ́. Gbogbo irun ọwọ́ òkú yẹn ló jẹ́ ti èkejì. Lára kóòmù ni wọ́n ti yọ wọ́n, tí wọ́n fi há a lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ní gíláàsì amúǹkan-tóbi tó lágbára bí i ìlọ́po mẹ́wàá lè wò ó nílé: ọ̀kan láti ara kóòmù, ọ̀kan tí a fà tu. Ẹ gbé wọn sórí bébà dúdú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi píópì mú ojú ẹsẹ̀?

Thorndyke ń ṣe é nínú ìwé mélòó kan, iṣẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá ṣì ń ṣe títí dòní sì ni. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú ẹsẹ̀ náà láti òkè tààrà, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ewé tó bá já sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan, píópì kìlógíráàmù kan pẹ̀lú omi bí i ìdajì lítà máa tó. Omi ló máa kọ́kọ́ wọ inú ike, kí ẹ tó máa bu ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé ìyẹ̀fun lórí, kókó ni yóò máa bá jà. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́ títí yóò fi rí bí ẹ̀wà lílọ̀ tí a fẹ́ fi se mọ́ínmọ́ín. Bí ẹ bá pò ó bí ẹni ń po ẹyin, atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀, ihò ni ẹ ó sì rí níbi tó yẹ kí ìṣó bàtà hàn.

Ẹ má ṣe dà á láti òkè. Ẹ fi ṣíbí gbà á ní etí ojú ẹsẹ̀ náà kí ó máa ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá dé ìdajì, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé e kí ó má baà kán, kí ẹ tó da ìyókù. Á le láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iyọ̀ díẹ̀ á mú un yá, omi tútù á fà á sẹ́yìn. Ẹ gbé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má sì fọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ìkánjú fífọ̀ ló ń pa iṣẹ́ yìí jù. Ní ilẹ̀ iyanrìn tó dẹ̀, tí omi píópì lè wó ètí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ́n ìyẹ̀fun gbígbẹ lé e, kí ẹ wá fín omi sí i bí ìrì.

Nínú *Mr Pottermack's Oversight* ti 1930, ọ̀daràn náà ló lo píópì. Ó fi mú àwòrán àtẹ́lẹ̀ bàtà ẹni tó ti kú, ó fi ṣe bàtà èké, ó sì fi í tẹ ẹsẹ̀ lọ jìnnà kí wọ́n lè rò pé òkú rìn kúrò nílùú. Àmọ́ bàtà tòótọ́ náà ní gìgísẹ̀ rọ́bà róbótó tí ìdè kan dì mọ́ láàárín, irú gìgísẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń yí díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń rìn. Láti ibì kan lọ, gìgísẹ̀ náà dẹ́kun yíyí. Thorndyke rí i nínú fọ́tò tí wọ́n yà léraléra ní ojú ọ̀nà. Ohun tó wá ṣe sí ọkùnrin náà lẹ́yìn tó mọ̀ ọ́n, ẹ lọ kà á.

Kí ni ọ̀rọ̀ kọ́ńpáàsì inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin?

Nínú *The Mystery of 31 New Inn* ti 1912, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n dí fèrèsé rẹ̀ pa wá gbé Jervis lálẹ́ lọ tọ́jú aláìsàn kan, kí ó má baà mọ ilé náà. Ara fu Jervis pé májèlé ni wọ́n ń fún aláìsàn náà. Thorndyke kò ní kí ó bẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ó yọjú. Ó fún un ní pátákó kékeré tí kọ́ńpáàsì wà lórí rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ àti àtùpà. Nígbàkigbà tí kẹ̀kẹ́ bá yà, kí Jervis kọ aago sílẹ̀, kí ó kọ ibi tí kọ́ńpáàsì kọjú sí, kí ó ka iye ìgbà tí pátákò ẹṣin kan ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì kọ ohun tó bá gbọ́: òkúta, iyẹ̀pẹ̀, abẹ́ afárá rélùwéè.

Pátákò ẹṣin fún un ní eré sísá. Eré sísá pẹ̀lú aago fún un ní jíjìn. Jíjìn pẹ̀lú kọ́ńpáàsì fún un ní ìlà tí ó lè fà sórí bébà. Ìlà yẹn máa ń wọ́, torí kẹ̀kẹ́ ń mì, irin ara rẹ̀ sì lè fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sí ẹ̀gbẹ́. Afárá ló ń tún un ṣe: bí ìlà bá sọ pé afárá wà níbí, tí máàpù London sì fi í sí ìwọ̀n díẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n á fa ìlà náà sí ibi afárá. Wọ́n rí ilé náà. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ Thorndyke, eléyìí ni ó rọrùn jù láti dánwò lónìí nínú mọ́tò tí ẹlòmíràn ń wà, láìwo ìta.

Ó lo X-ray náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú *The Eye of Osiris* ti 1911. Röntgen ṣàwárí ìtànṣán yẹn ní 1895. Ọkùnrin kan tó ń kó ohun àtijọ́ Íjíbítì jọ pòórá. Thorndyke ní kí wọ́n ya X-ray òkú gbígbẹ kan tó ti wọ British Museum. Ẹni tó wà nínú aṣọ ìdìkú náà kì í ṣe ará Íjíbítì àtijọ́.

Ṣé lóòótọ́ ni òǹkọ̀wé náà gbé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Ó gbé e. Ní 1887, ọdún tó gbéyàwó, ó lọ sí Gold Coast tí a mọ̀ sí Gánà báyìí, gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba amúnisìn. Ní 1888 sí 1889, ó bá ikọ̀ kan rin ìrìn àjò láti Accra lọ sí ilẹ̀ Ashanti àti Jaman, títí dé Bontuku tó wà ní Côte d'Ivoire báyìí. Òun ni dókítà wọn, òun náà ló ń wọn ilẹ̀. Ní 1891, àìsàn ibà tó ń mú ìtọ̀ dúdú lé e padà sí London, kò sì fìgbà kan le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tẹ ìwé ìrìn àjò náà jáde ní 1898.

Ara tí kò dá ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé, torí kò lè dúró sórí iṣẹ́ dókítà déédéé. Ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Holloway, níbẹ̀ ló ti bá dókítà mìíràn kọ ìtàn olè pọ̀ lábẹ́ orúkọ Clifford Ashdown. Etíkun ilẹ̀ yìí sì padà wá sínú Thorndyke: apá kìíní *A Certain Dr Thorndyke* ti 1927, etíkun Gold Coast ló ti ṣẹlẹ̀. Ojú òyìnbó amúnisìn ló fi wo ibẹ̀, ẹ ó sì rí i kedere.

Kí ló yẹ kí òǹkàwé mọ̀ kí inú má bàa bí i?

Freeman gbà gbọ́ pé ó yẹ kí wọ́n máa ṣa ẹni tó máa bímọ àti ẹni tí kò ní bímọ nínú ènìyàn, ó sì kọ odindi ìwé lé e ní 1921. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí àwọn Júù wà káàkiri nínú ìtàn rẹ̀. Kò sí bí a ṣe máa fi ẹwu bò ó. Ẹ̀bi kékeré rẹ̀ ni pé ìfẹ́ tó ń kọ láàárín ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ló máa ń fa ìwé gùn láìnídìí. Ẹ fò ó, ẹjọ́ kò ní sọnù.

Èwo nínú ìmọ̀ yẹn ni kò dúró mọ́?

Fọ́nrán, ojú ẹsẹ̀ àti gíláàsì ṣì dúró, bí a bá gbà pé wọ́n ń sọ "ó lè jẹ́" ju "òun gan-an ni" lọ. Irun ni ó ṣubú jù: ní 2015, FBI gbà pé nínú èyí tó pọ̀ jù lára ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n tún yẹ̀ wò, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti sọ ju ohun tí irun abẹ́ maikirosikóòpù lè fi hàn lọ. Ẹ̀jẹ̀ sì ti kọjá gbogbo ohun tí Thorndyke mọ̀, láti ìgbà tí Alec Jeffreys ti ṣàwárí àyẹ̀wò DNA ní Leicester ní 1984.

Craig Kennedy ńkọ́? Ṣé kì í ṣe irú ẹni kan náà ni?

Kennedy, ọ̀jọ̀gbọ́n New York tí Arthur B. Reeve dá sílẹ̀ ní 1910, lókìkí ní Amẹ́ríkà ju Thorndyke lọ nígbà ayé wọn, ó sì wọ sinimá ní 1914. Ẹ̀rọ tuntun ló ń fi dá wa lára yá, ẹ̀rọ mìíràn kò sì ṣiṣẹ́ bó ṣe wí. Ẹ kà á fún ìgbádùn, ẹ má dán an wò. Lápàdé tiwa nínú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ẹsẹ̀ rìnrìn àti ẹnu ló ń lò, kò wá maikirosikóòpù kankan, nítorí náà ẹ má fi wé wọn.

Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ọ̀fẹ́ ni?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti *The Singing Bone*, kí ẹ lọ sí àkójọ 1909, kí ẹ tó ka ìwé gígùn. *The Red Thumb Mark* ló ṣáájú, àmọ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Freeman kú ní 1943, nítorí náà ẹ̀tọ́ oníwèé ti parí lórí gbogbo rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ń ka àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú, Nàìjíríà náà sì ń ka iye yẹn nínú òfin 2022. Púpọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg.

Ohun kan tó ń jẹ owó àwọn tó ń ra ìwé àtijọ́: orúkọ méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ní, ọ̀kan ní England, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. *The Eye of Osiris* ni *The Vanishing Man*. *Dr Thorndyke's Case-Book* ni *The Blue Scarab*. *Felo de Se?* ni *Death at the Inn*, *The Jacob Street Mystery* sì ni *The Unconscious Witness*. Ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́ ìtàn kí ẹ tó sanwó.